Ìwé Tí Wọ́n Ní Mo Mọ̀ Ọ́n Kà

Màmá mi,

Ara mi le, mo sì ń yó ní Prague. Ọ̀gá mi tiẹ̀ ń tilẹ̀kùn mọ́ mi kí òtútù má baà mú mi.

Mo rí ewé kan tí wọ́n yà sínú ìwé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ó jọ lopuch tí ẹ máa ń sè fún ikọ́, ni mo bá ní, "Lopuch rè é!"

Ọ̀gá fò fáyọ̀: "Zikmund, o mọ̀ ọ́n kà! Ka ìyókù."

N ò mọ ewé yòókù rárá. Bàtà Matouš tó ń kà á ṣáájú mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní ó ti lọ sílé, nínú yìnyín yìí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bí wọ́n bá wá bi yín bóyá mo mọ ìwé náà kà lóòótọ́, ẹ ní ọmọ yín ò purọ́ rí.

Zikmund