Ẹ Má Sin Mí Sí Yàrá Ẹṣin

Èmi Sàláúdéènì Àjàní, ọmọ Àkíbù mọlémọlé, ti agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ní ìlú Ìbàdàn, ni mo ní kí wọ́n kọ ìwé yìí. Ẹsẹ̀ mi ti wú, ikọ́ kò sì jẹ́ kí n sùn, ṣùgbọ́n orí mi pé. Mo mọ ohun tí mo ní, mo mọ ẹni tí mo fẹ́ fún, mo sì mọ àwọn tó ń dà mí láàmú. Olúṣẹ́gun akọ̀wé ló ń kọ ọ́. Mo ti sọ fún un pé kó kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu mi jáde, títí kan èyí tí kò dùn-ún gbọ́, kó sì kà á sí mi létí kí n tó tẹ̀ka sí i.

Àwọn tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ ni ọ̀rẹ́ mi méjèèjì, Fàsásì oníṣẹ́ awọ àti Ọ̀jẹ̀wálé gbẹ́nàgbẹ́nà. Àwọn náà ni mo pè láti wá ṣe ẹlẹ́rìí láàárọ̀ yìí. Oòrùn ti kan àtàrí, wọn kò tíì dé. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n kò ní bi mí pé kí ló dé.

1. Ilé mi. Mo ní ilé kan lẹ́yìn Oríta-mẹ́rin tí kò tíì pé ilé. Ògiri rẹ̀ kò ga ju àyà mi lọ, kò ní òrùlé, ewúrẹ́ aládùúgbò ló ń gbé inú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó mi Kúlúsúmù àti ọmọ wa Kúbúrá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá wọn du ú. Yàrá tó wà lápá ọ̀tún ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni kí wọ́n sin mí sí, lábẹ́ òrùlé. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú gbogbo ìwé yìí kò ju ìyẹn lọ.

Ilé ẹni là ń sin ènìyàn sí. Ẹni tí kò bá ní ilé, ilé ẹlòmíràn ni yóò sùn títí ayé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì máa tọrọ àyè kí wọ́n tó lè ṣàdúà nídìí sàréè baba wọn. Èmi tí mo mọlé fún ìdajì Ìbàdàn, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ̀gbọ́n mi Màmúdù. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí báyìí, mo sì ń bá yín wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí baba wa tó kú, wọ́n ní yàrá ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tèmi. Ẹ kó ẹṣin yín sí i. Ẹ ní ẹṣin ológun kò gbọdọ̀ sùn níta, pé mọlémọlé lè sùn níbikíbi. Ogun parí, òyìnbó dé, ẹṣin kú, ẹ kò sì yọ̀ǹda yàrá náà fún mi àfi ìgbà tí àìsàn gbé mi ṣánlẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Bí òjò bá ti rọ̀, ìtọ̀ ẹṣin ṣì ń rùn lára ògiri. Mo gbọ́ tí ẹ ń sọ fún àwọn ìyàwó yín pé ibí yìí náà lẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ mi sí, nítorí mi ò ní òrùlé tèmi. Ẹ ṣeun. Mo fi ẹní tí mo sùn lé yìí sílẹ̀ fún yín. Aṣọ òfì baba wa tó wà lọ́wọ́ mi náà, ẹ gbà á, nítorí ẹ̀yin lẹ jọ wọ́n jù.

3. Gbèsè. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó, ẹnikẹ́ni kò sì jẹ mí lówó. Àáró ni wọ́n jẹ mí. Èmi, Fàsásì àti Ọ̀jẹ̀wálé la jọ dá àáró sílẹ̀ nígbà tí ara ṣì le: bí òjò àrọ̀kúrò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, tí omi ṣì wà nítòsí, a ó jọ po amọ̀, a ó jọ mọ ilé ẹnì kan. Ti Fàsásì la kọ́kọ́ mọ ní Bẹẹrẹ, a parí rẹ̀. Ti Ọ̀jẹ̀wálé tẹ̀lé e nídìí òkè Màpó, a parí rẹ̀. Wọ́n ní kí tèmi gbẹ̀yìn, pé bí ọwọ́ àwọn bá ti mọ́ iṣẹ́ náà tán, tèmi yóò dára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wo ló mọ́ iṣẹ́? Ẹnu ló mọ́ iṣẹ́.

Ilé mímọ kò ṣòro. A ó mọ ìpele kan yíká, a ó fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó kí òjò má bàa nà án, bó bá gbẹ tán, a ó mọ òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjì yìí bá ti ki ẹsẹ̀ bọ amọ̀, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pò. Fàsásì ní kí fèrèsé kọjú sí pópó, kí n lè máa rí ẹni tó ń kọjá. Ọ̀jẹ̀wálé ní kó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé nítorí eruku. Ọdọọdún ni wọ́n ń jà á. Èmi tí mo ni ilé, kò sí ẹni tó bi mí léèrè rí. Kúlúsúmù yóò gbé ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ wá, wọn yóò jẹ ẹ́ tán, wọn yóò ní kí á jẹ́ kí oúnjẹ dà ná, ilẹ̀ yóò sì ṣú.

Ti èṣí ló dùn mí jù. Ọjọ́ Jímọ́ ni, a ti mọ ìpele kẹta tán. Èmi àti Fàsásì lọ kírun ní mọ́sálásí Ọjà'ba. Ọ̀jẹ̀wálé kì í kírun, egúngún ni wọ́n ń bọ nílé tiwọn, nítorí náà òun la ní kó fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ògiri. Nígbà tí mo kírun tán tí mo jáde, ta ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà? Ọ̀jẹ̀wálé ni, ó jókòó ti bàtà wa. Ó ní ọ̀rọ̀ kan lórí fèrèsé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí òun lọ́kàn, òun kò sì lè dúró kí Fàsásì tó padà. Bẹ́ẹ̀ ni òjò ṣú. Kí á tó sáré dé Oríta-mẹ́rin, ìpele kẹta ti di ẹrọ̀fọ̀, imọ̀ ọ̀pẹ sì wà nílẹ̀ níbi tí mo kó o jọ sí. Fàsásì wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ̀wálé náà bẹ̀rẹ̀. Ó ká mi lára títí dòní pé èmi náà rẹ́rìn-ín.

4. Àgbò mi. Mo rà á nígbà tí ìwo rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, pé òun la ó pa lọ́jọ́ ìṣílé. Ó ti di arúgbó báyìí, eyín rẹ̀ ti ń ká. Bí òrùlé bá gun ilé mi, kí wọ́n pa á, kí Fàsásì mú itan bó ṣe máa ń ṣe. Bí kò bá gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má pa á níbi òkú mi. Kí Kúbúrá tú u sílẹ̀ kó máa rìn kiri ìlú.

5. Ohun èlò iṣẹ́. Ọkọ́ àti àkàbà mi di ti Kúbúrá, kí ó máa yá ẹni tó bá wù ú lò. Okùn olókùúta tí mo fi ń mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán, ti baba mi ni. Kí Ọ̀jẹ̀wálé gbà á, nítorí ojú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní sùúrù. Pátákó tí mo fi ń rẹ́ ògiri di ti Fàsásì. Mi ò rí i kó fi ṣe nǹkan kan rí ju kó fi fẹ́ ara lọ. Kòtò amọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé náà, tirẹ̀ ni: òun ló gbẹ́ ẹ kọjá ààlà níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ lọ.

6. Kúlúsúmù. Ìwọ lo sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn ọkùnrin yìí kò fẹ́ kí ilé náà parí, pé bó bá parí, kí ni wọn yóò tún máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi? Mo bínú sí ọ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, mo ń rò ó. Ọ̀sán àrọ̀kúrò ni mo ń rántí jù, àwa mẹ́ta nínú amọ̀ dé orúnkún, tí o ń pè wá wá jẹun tí a kò dáhùn. Mi ò gbádùn ayé mi níbòmíràn tó ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbádùn kì í bo ilé. Ilé ni mo fẹ́.

7. Ẹ̀yin méjèèjì, Fàsásì àti Ọ̀jẹ̀wálé. Àrọ̀kúrò tó kù yìí lẹ ní. Ẹ mọ ìpele tó kù, ẹ fi koríko tàbí páànù bò ó, èyí tó bá yá. Bí mo bá kú kí òrùlé tó gùn ún, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀ náà, ẹ má fi mí sílẹ̀ fún yàrá ẹṣin. Kí òjò máa pa mí, kó sì máa pa ẹ̀yin náà nígbà tí ẹ bá wá kí mi.

Àfikún. Olúṣẹ́gun kò tíì kà á sí mi létí tán tí wọ́n fi wọlé. Mo ti ṣa èébú jọ dè wọ́n. Amọ̀ ti gbẹ mọ́ wọn lápá títí dé ìgúnpá. Wọ́n ní láti ìdájí ni àwọn ti wà lẹ́nu iṣẹ́, pé ìpele kẹta ti dúró, àwọn sì ti bò ó, Kúlúsúmù ló ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí imọ̀ ọ̀pẹ. Fàsásì kò bèèrè oúnjẹ. Ọ̀jẹ̀wálé ló wá bi mí pé apá ibo ni mo fẹ́ kí fèrèsé mi kọjú sí.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ń kú lọ lóòótọ́. Inú bí mi sí wọn ju ti ọjọ́ òjò lọ. Mo ní kí Olúṣẹ́gun kọ ọ́ síbí pé mi ò ní sọ. Kí wọ́n lọ jà á.

Mo tẹ̀ka sí i ní Bẹ́yẹrúnkà, ní ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹwàá, ọdún 1913.

Àmì ìka Sàláúdéènì Àjàní. Tàdáwà wà nílẹ̀, amọ̀ ọwọ́ Fàsásì ló ní kí a fi kan ìka òun.

Ẹlẹ́rìí: Fàsásì oníṣẹ́ awọ, Bẹẹrẹ. Amọ̀ náà ló fi tẹ̀ka.

Ẹlẹ́rìí: Ọ̀jẹ̀wálé gbẹ́nàgbẹ́nà, Màpó. Bákan náà.

Èmi Olúṣẹ́gun akọ̀wé ni mo kọ ọ́, mo sì kà á sí i létí. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí jáde, ó ní kí n dákẹ́ ná kí òun gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lójú ọ̀nà. Fèrèsé ni wọ́n ń jà lé lórí. Ó ní kí n fi ìyẹn kún un, kí n wá pa ìwé náà dé.