Àpótí Tó Wà Lókè Pátápátá

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo jí, ṣé o ń sùn, ṣé o ń jẹun lásìkò? Àwa níbí ń dúpẹ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ti san, òrùlé ilé ìdáná ò jò mọ́, ewúrẹ́ wa sì ti bí méjì. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa máa ṣọ́ ìwọ náà, àmín.

Ìwé tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù tíṣà ti dé. Àwòrán rẹ ló kọ́kọ́ yọ, mo kí ọ lẹ́ẹ̀mejì, o ò dáhùn, inú ń bí mi kí tíṣà tó ní àwòrán kì í sọ̀rọ̀. Ó bá wa tẹ ìwé náà jáde. Háà! Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Orúkọ rẹ wà nínú àpótí kan lókè pátápátá, wọ́n fa ìlà wálẹ̀ láti ibẹ̀, ọkùnrin méje sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò wọn, kálukú nínú àpótí tirẹ̀. O ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú ìwé ìsàmì ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ṣe ń kọ òbí àtọmọ gan-an nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ títí: ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, báwo ló ṣe bí ọkùnrin méje tó ti nírùngbọ̀n? Ìyá rẹ ní bóyá ọkọ rẹ ni wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Tíṣà ló wá ka èyí tó kù: pé wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ yín, pé àwọn méje yẹn ni yóò máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ, pé ọ̀kan nínú wọn, Kátólíìkì bíi tiwa, ní Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ò fẹ́ kí obìnrin pàṣẹ fọ́kùnrin, àti pé bí èmi bàbá rẹ bá ní ó lòdì sí ìgbàgbọ́ wa, o máa kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́wàá lo fi ń jí lọ síbẹ̀! N ò fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni yóò ba iṣẹ́ rẹ jẹ́, n ò sì fẹ́ parọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Mo bá gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Fadá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ètò inú ìjọ ìgbà náà ni Pọ́ọ̀lù ń tò, wọ́n ní oyè àlùfáà ni Ìjọ wa kì í fi obìnrin jẹ, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, àwọn Póòpù fúnra wọn ti kọ ọ́ pé ó yẹ kí obìnrin wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu nǹkan. Wọ́n wá bi mí pé ta ló ń pàṣẹ ní ọsibítù tí wọ́n ti bí ọ.

Ìyá àwọn Sísítà mà ni! Dókítà ọkùnrin mẹ́ta ló wà lábẹ́ wọn, bí wọ́n bá fi ìka pe ọ̀kan, eré ló máa sá dé. Èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kí n tú bẹ́ǹṣì kan tí mo kàn fún wọn, torí ẹsẹ̀ kan kúrú. Mo kùn, mo kùn, ṣùgbọ́n mo tún un kàn, bẹ́ǹṣì ọ̀hún ò sì tíì mì dòní. Torí náà, bí àwọn méje yẹn bá ń kùn, jẹ́ kí wọ́n kùn, kí wọ́n ṣáà ṣe é dáadáa. Má pariwo mọ́ wọn o, Ìyá Sísítà ò pariwo mọ́ mi rí. Jọ̀ọ́, gba iṣẹ́ náà.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, ohun tí wọ́n kọ sínú àwọn àpótí yẹn kéré jù. Má fi sí báǹkì o. Akọ̀wé ibẹ̀ ní inú kọ̀ǹpútà lowó mi wà, mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣí i kí n yọjú wò ó, ó kọ̀.

Mo rí ibi tí wọ́n ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí nísàlẹ̀ ìwé náà, mo ti bá ọ fọwọ́ sí i. Ìyá rẹ ní wọn ò ní ṣe é lẹ́yìn òun. Ó bi mí pé èwo lọmọ òun níbẹ̀, mo fi hàn án. Ó ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ sórí àpótí tìrẹ, kò sì tètè gbé e kúrò. A ti fi í sínú lẹ́tà yìí. Bí wọ́n bá ní a ti ba ìwé jẹ́, bèèrè òmíràn lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n má sọ èyí nù.

Kí Ọlọ́run fún ọ lọ́gbọ́n tí wàá fi jókòó síbẹ̀, kí ẹsẹ̀ àga rẹ má mì láé.

Bàbá rẹ,
Káfíńtà.