Irun Kòkòrò Sányán

Sátidé, 8 Oṣù Kẹsàn-án, 1956
Èrò pọ̀ lónìí níbi tí mo ti ń pàtẹ kòkòrò lẹ́yìn ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyí — kí ará Adó fi ọwọ́ ara wọn kan ohun tí wọ́n máa ń tẹ̀ pa. Yímíyímí, ìrẹ̀, tata. Àgbàlagbà ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo gbé ìtẹ́ kòkòrò sányán tí mo rí lọ́nà Ìyìn jáde, mo ní òun ló ń pèsè òwú aṣọ sányán tí wọ́n ń wọ̀. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ṣìkẹ́, ọmọ Modúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi, bi mí bóyá ó ń buni jẹ. Mo ní rárá, kó fọwọ́ rà á lára.

Sọ́ńdè, 9
Ojú ọ̀tún Ṣìkẹ́ wú. Kò ṣe é là.

Túsìdeè, 11
Irun ara kòkòrò yẹn ni. Ọwọ́ tó fi rà á ló fi nu ojú. Ọwọ́ tèmi náà ń yún mí. Dókítà ò tíì mọ̀ bóyá ojú náà á ríran. Mo lọ sọ fún Modúpẹ́, mo bá a lẹ́nu ẹkún — mi ò lè sọ ọ́. Gíláàsì, bí a ti ń pe ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, ti kìlọ̀: bí kòkòrò mi bá ṣe ọmọ kankan léṣe, kí n wá iṣẹ́ síbòmíràn.

Tọ́sìdeè, 13
Ọ̀ràn ti bàjẹ́. Wòlíì tí wọ́n pè wá gbàdúrà ní ọwọ́ àgbà obìnrin inú ilé ló wà nídìí ojú ọmọ náà. Ta ló tún kù, bí kò ṣe ìyá Akínwálé, ọkọ Modúpẹ́? Ìyá tó pọ̀n Ṣìkẹ́ dàgbà. Akínwálé fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù ìyá rẹ̀ síta láàárọ̀. Ìyá ti gba ilé bàbá rẹ̀ ní Igbemọ lọ.

Fúráìdé, 14
Mo lọ sọ ọ́. Akínwálé ní àánú ìyá òun ló ń ṣe mí tí mo fi ń purọ́. Mo tú ìtẹ́ náà lójú wọn, mo fi irun rẹ̀ ra apá mi. Kò pẹ́ tó fi lé, tó pọ́n. Modúpẹ́ wò ó títí. Ó ní, "O mọ̀, o sì ń wò mí níran."

Sátidé, 15
Mi ò kó kòkòrò kankan jáde. Gíláàsì ti gbọ́. Ó ní kí n má wá mọ́. Ojú Ṣìkẹ́ ti là, ṣùgbọ́n bàìbàì ló ń ríran.

Sọ́ńdè, 16
Èmi àti Akínwálé lọ sí Igbemọ. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó látòkèdélẹ̀. Ó wo apá mi, ó ní kí n máa fi àdín pa á. Akínwálé dọ̀bálẹ̀, ó ní kí ìyá òun jẹ́ ká máa lọ sílé. Ìyá ò wojú rẹ̀.
"Dìde, Tíṣà. Kòkòrò kọ́ ló lé mi. Ìwọ náà kọ́." Ó fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. "Ulé mi rè é."
Akínwálé ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo jáde.