Ọ̀já Tó Gba Èkó Lọ sí Kétu

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Karùn-ún, 2025

Láti Ìlaròó títí dé etí òkun, kò sí ẹni tó mọ ọ̀nà bọ́dà bí èmi Ayọ̀dàmọ́lá. Igba ìgbà ni mo ti wọ Bẹ̀nẹ̀. Faransé ń dà lẹ́nu mi bí omi ẹ̀rọ. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń bẹ́rí fún mi. Ìdí nìyẹn tí Sájẹ́ńtì – màmá mi – fi ní kí n lọ fi páálí kan ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́misọ́lá bímọ sílé ọkọ ní Kétu ní Sátidé. Ọ̀kadà ti gbé Sájẹ́ńtì ṣubú lọ́nà Ìbéṣe, P.O.P. wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi ń ṣe wáẹ́ẹ̀kì lọ́wọ́. Ó ní, "Bí mi ò bá lè dé ìkómọ, ọ̀já mi gbọ́dọ̀ dé." Ọ̀já tí ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n, tí òun náà fi pọ̀n wá. Ó ki irú sí i, torí Kẹ́mi ní irú tọ̀hún ò dùn tó tilé.

Orúkọ, àdúgbò, ìlú, orílẹ̀-èdè – gbogbo ẹ̀ ni mo kọ, gàdàgbà. Lukman, akọ̀wé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹrù, tí bírò kì í kúrò létí rẹ̀, ló gbà á.

Ìṣẹ́gun, 13

Fíṣíìsì. Má bi mí.

Ọjọ́rú, 14

Kẹ́mi pè. Kò tíì rí nǹkan kan. Sájẹ́ńtì wò mí. Mo ní bóyá àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń fi ọ̀já náà ya fọ́tò. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 15

Wàhálà! Obìnrin kan pe Sájẹ́ńtì láti Èkó: "Màmá, ẹ̀yin lẹ ni irú inú páálí yìí? Ọ́fíìsì wa ò ṣeé jókòó sí mọ́ o! Ẹ ní kí Kẹ́misọ́lá wá gbé e ní Kétu níbí."

Kétu Èkó!

Sájẹ́ńtì pariwo, gbogbo Ìlaròó gbọ́. "Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni! Níbi tí wọ́n bí ìyá mi sí!" Obìnrin náà ní ọkọ̀ kan ń lọ sọ́hùn-ún láàárọ̀ ọ̀la.

Sájẹ́ńtì bi mí bóyá mo kọ Bẹ̀nẹ̀. Mo ní mo kọ ọ́, Lukman ni ò mọ̀wé kà. Ló bá pe Lukman. Èébú ẹ̀kún tírélà! "Ẹ má bínú, ìyá wa," ni Lukman ń wí ṣáá.

Mi ò lè jẹun. Rárá – mo jẹun. Mi ò kàn bù kún un ni.

Ẹtì, 16

Kò tíì dé. Ọ̀la sì ni ìkómọ.

Àbámẹ́ta, 17

Ó DÉ! Bí wọ́n ṣe fẹ́ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu ni páálí wọlé. Kẹ́mi fi fọ́tò ránṣẹ́: ọmọ lẹ́yìn ìyá ọkọ rẹ̀, ọ̀já wa gbá a mọ́ ṣinṣin. Sájẹ́ńtì sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún. Ara mi fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ.

Sájẹ́ńtì wá fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà kó lè rí ojú ọmọ. Ìka yọ̀. Páálí yọjú nílẹ̀. KETU – ọwọ́ mi. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bírò pupa, BENIN – ọwọ́ ẹlòmíràn.

"Ayọ̀dàmọ́lá, ta ló kọ pupa yìí?"

Ó pe Lukman, ó na fóònù sí mi. Mo bẹ̀bẹ̀. Lukman ní, "Àbúrò, mo mọ̀ pé o ò kọ ọ́. Mo kàn ń dúró dè ẹ́ ni."

Ó dáa. Igba ìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ni, oorun ni mo sì sùn dé ibẹ̀. Faransé mi ò kọjá "bọ́sú". Ṣùgbọ́n irọ́ gan-an ni "orílẹ̀-èdè" tí mo ní mo kọ yẹn. Lukman bi mí lọ́jọ́ Ajé: "Kétu ni, àbí?" Mo ní, "Kétu mélòó ló wà láyé?" Nílé wa, Kétu kì í ṣe òkèèrè, ilé ìyá Màmá ni. Ó ti bọ́ lórí mi pátápátá pé ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń pè é.