Káàdì Ọmọ Àsíátù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Kejì, 1986
Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ igba ó lé méje. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìgbẹ̀bí yìí ní Ṣakí, ogójì ni wọ́n ń gbé wá, Bàbá Ìwé sì ká wọn. (Bàbá Ìwé – rẹ́jísítà tí orúkọ gbogbo ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó wúwo débi pé a lè fi dènà ilẹ̀kùn.) Ìwé kan, akọ̀wé kan. Bí mo bá ń wá orúkọ ọmọ kan, gbogbo ìyá yòókù á máa wò mí lẹ́nu. Aago kan lù, yìnyín ti yọ́ nínú kúlà, Sístà Àrínọlá ní òun kì í fi oògùn tó ti gbóná gún ọmọ ọlọ́mọ. Ọgọ́ta ìyá ló pọn ọmọ padà sílé.

Ọ̀kan nínú wọn ni Àsíátù. Èéyi ló pa àkọ́bí rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ràmọ́nì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yìí ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ó ti tó gba abẹ́rẹ́ èéyi. Àsíátù kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, ó sì lọ. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Lẹ́tà dé láti Ìbàdàn. Ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wò wá ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Bí yìnyín bá tún yọ́ kí ọmọ tó tán, wọn yóò gbé ọjọ́ abẹ́rẹ́ lọ sí Àgọ́-Àrẹ. Kí àwọn ìyá rìn débẹ̀ nínú oòrùn yìí – pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn!

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Àríyànjiyàn. Sístà fẹ́ ká gba Bàbá Ìwé kejì. Mo ní ìwé méjì, wàhálà méjì – ta ló máa mọ èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀? Káàdì ni mo fẹ́, ọmọ kan káàdì kan, nínú àpótí, kí ènìyàn mẹ́ta lè máa wá a lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí ni n ó fi tò ó? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Orúkọ? Ọmọ kan náà, Ràmọ́nì lẹ́nu bàbá, Àkànní lẹ́nu ìyá àgbà. Nọ́ńbà? Ewúrẹ́ á jẹ ìwé tí a bá kọ ọ́ sí. Bàbá Ládòkun, aṣọ́nà wa tí kò mọ̀wé, ló là á.

"Ẹ fi agboolé tò ó. Èèyàn lè gbàgbé nọ́ńbà, kò ní gbàgbé ilé ẹ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ bàbá náà.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Káàdì. N kò mọ ọmọ tó wà láyé, n kò mọ èyí tó ti lọ, gbogbo wọn ni mò ń dà kọ láti inú Bàbá Ìwé, orúkọ àti agboolé. Ọwọ́ ń ro mí. Ọlọ́run mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Àpótí mẹ́rìnlá, tábìlì mẹ́ta. Inú mi dùn títí di aago mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni a ń wá káàdì tì – ogún, ọgbọ̀n. Mo bi Àsíátù pé ọmọ ilé ibo ni. Ó ní Ilé Jẹ́ẹ́dé. Mo tú àpótí Jẹ́ẹ́dé dé ìdí. Kò sí. Sístà kì í sì í gún ọmọ tí kò bá rí ohun tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Yìnyín yọ́. Àsíátù so ọ̀já rẹ̀ le.

"Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, Ántí. Mi ò mọ̀ bóyá n óò tún wá."

Ọgbọ́n orí tí mo ń fi fọ́nnu nìyẹn!

Ọjọ́bọ̀, 20
Mo rí Ràmọ́nì! Àpótí Ilé Àpọ́nlé ló wà. Ìyá ọkọ Àsíátù ló gbé e wá nígbà àkọ́kọ́, ilé bàbá ọmọ ló sì dárúkọ. Bàbá Ládòkun rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bí a bá bi ìyàwó ilé pé ọmọ ibo ni, ilé bàbá rẹ̀ ni yóò dárúkọ, àfi bí a bá fẹ́ kó sẹ́ bàbá rẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi alára, ọdún mẹ́jọ nílé ọkọ, ọmọ Ìsẹ́yìn ṣì ni mò ń pe ara mi. Ìbéèrè mi ni kò dáa, kì í ṣe àpótí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Ṣé ká máa béèrè ilé ọkọ? Sístà ní rárá: opó wà nínú wọn, àwọn tó ti kúrò nílé ọkọ náà wà, kò yẹ ká dójú tì wọ́n níwájú èrò. Mo rò ó títí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ni ká béèrè, kì í ṣe ti ìyá: níbo ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ? Kò sí ìyá tí kò mọ̀ ọ́n. Kò sì ní yí padà láé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Ìbéèrè tuntun. Ọmọ igba ó dín mẹ́ta, a parí ní aago méjìlá, yìnyín ṣì le. Àsíátù kò wá. Mo rìn dé Ilé Àpọ́nlé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní ó ti gbé ọmọ lọ sí Okaka, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nítorí èéyi ti wọ ilé kejì. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ránṣẹ́ sí i pé mo ti rí káàdì. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Kẹta
Kò sí ìròyìn láti Okaka.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ọ̀gá ará Ìbàdàn dé, kálámù mẹ́ta lápò. Ó ní kí ló dé tí n kò to káàdì ní a-b-d. Mo ní kó jọ̀ọ́ jókòó, kó máa wò. Ọmọ igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí aago méjìlá lù, ó ki ọwọ́ bọ kúlà, ó kan yìnyín, ó ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ kò ní kúrò ní Ṣakí. Sístà Àrínọlá, tí kì í rẹ́rìn-ín, jó.

Ìgbà náà ni Àsíátù wọlé, eruku ọ̀nà Okaka lẹ́sẹ̀, Ràmọ́nì lẹ́yìn rẹ̀, ara ọmọ dá ṣáṣá. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ilé Àpọ́nlé. Káàdì ti wà lọ́wọ́ mi kó tó pa ẹnu dé. Ràmọ́nì gba abẹ́rẹ́, ó ké, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

Àsíátù kò lọ. Ó ń wo àpótí. Ó bi mí bóyá Ràsáàkì, àkọ́bí rẹ̀, náà wà níbẹ̀. Mo wo inú àpótí. Ó wà, ẹ̀yìn Ràmọ́nì gan-an, ìkọ̀wé ọwọ́ mi: abẹ́rẹ́ méjì, kò rí ti èéyi gbà. Mo ní kó má bínú, n óò yọ ọ́.

"Ẹ má yọ ọ́, Ántí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ òun lórúkọ."

Mo dá káàdì náà padà sí àyè rẹ̀.