Ẹja tí mo ṣi orúkọ rẹ̀ pè

Bàbá mi tí àárò yín ń sọ mí,

Ṣọ́ọ̀bù ẹja mi ní Òkè-Àgbò ṣì wà níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé láti Òde-Omi, tẹ́ ẹ rí i pé ẹja tí wọn kì í jẹ, tí wọ́n kàn ń wò nínú gíláàsì, ni mò ń tà? Ẹ máa ń fi èékánná kan gíláàsì náà kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀kan dé láàárín àwọn tí wọ́n kó wá láti Èkó. Ó pẹlẹbẹ bí ewé, ó ní àmì dúdú wínníwínní lára, ó sì lẹ̀ mọ́ gíláàsì pinpin. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mo pè é ní ajẹ̀dọ̀tí, bí a ṣe ń pe àwọn ẹja tó ń há ìdọ̀tí ara gíláàsì jẹ, mo sì dà á sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo rò pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Tíṣà bàọ́lọ́jì kan láti Àgọ́-Ìwòyè ló wá ra oúnjẹ ẹja. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ikùn ẹja náà. Lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ so pọ̀ bí àwo. Ó yọ fóònù, ó fi ẹja náà wé àwòrán orí rẹ̀ títí.

"Èyí kì í ṣe ajẹ̀dọ̀tí o. Ẹja odò orí òkè tí wọ́n ń pè ní lóòṣì ni, láti Éṣíà. Omi tútù tó ń sáré ló ń gbé. Ẹ ti ń sè é láàyè!"

A bu omi tútù sí i, a so pọ́ǹpù méjì mọ́ ọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó já bọ́ lára gíláàsì, ó kú. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sì sunkún. Kì í ṣe nítorí ẹja.

Bàbá, ibà ni mo pe àìsàn tiyín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń mí lórí bẹ́ẹ̀dì mi nígbà tẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ mi kẹ́yìn, ẹsẹ̀ yín wú. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní kí n gbé yín lọ sí ọsibítù. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kí oògùn tí mo rà ṣiṣẹ́ ná. Nígbà tí dókítà fi sọ pé àrùn ọkàn ni, ó ti pẹ́ jù. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́ ni, àbí ó ti rẹ̀ yín láti máa bẹ̀ mí?

Màmá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ tá a ti sin yín ló ti ń bínú sí yín, pé ẹ fi àìsàn pamọ́ fún gbogbo wa. Mo máa ń jókòó tì í, màá dákẹ́. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ máa ru ẹ̀bi mi nínú sàréè.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí Òde-Omi. Màmá ń to ẹja sórí ààrò tó fi ń yan án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo.

"Ó bẹ̀ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó síta, ẹja ń jóná lórí ààrò, mi ò lè dìde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé. Ẹ̀yin ló ń bẹ̀, pé kẹ́ ẹ foríji òun. Kò dárúkọ mi rárá.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó gbọ́ tí kò tètè dìde.