Ẹ Kú Àsìkò Wo, Tẹ́júọlá?

Ilé wa, Ìtòrí,
Oṣù Dìsẹ́ńbà.

Tẹ́júọlá, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Òkè-Afá níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé o ń jẹun, àbí bùrẹ́dì yẹn náà lo ṣì ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé rẹ. Mo ti kọ ìyẹn tán kí n tó rántí pé o ní kí n má fi orúkọ Ọlọ́run kún ọ̀rọ̀ tìrẹ mọ́, pé o kò sí nínú ẹ̀sìn kankan. Mo fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n bírò ni mo fi kọ ọ́, mo wá ní kí n kúkú tún un kọ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni: yóò máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀ yóò dá mi lóhùn. Ọ̀rọ̀ wíwá rẹ sílé ní Kérésì yìí ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé.

Bàbá rẹ wà láàyè. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tí o fojú wọn rí. Àwòrán tí o gbé sórí fóònù lọ́jọ́ Ajé ló fà á, níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, èyí tí àbẹ́là ń jó nínú rẹ̀, tí òdòdó funfun yí i ká, tí o wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ kú àsìkò yìí o, gbogbo ẹ̀yin ènìyàn mi. O pè mí lẹ́yìn náà, o ní nítorí kí Kérésì má baà wà níbẹ̀ lo ṣe kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí kálukú lè rí tirẹ̀ mú. Ọmọ mi, wọ́n rí tiwọn mú. Bí a bá rí àbẹ́là àti òdòdó funfun lórí fóònù níhìn-ín, ẹnìkan ti kú ni. N kò tíì po ẹ̀kọ àárọ̀ tán tí ìyá Ṣubúọlá tó ń ta gààrí lójúde wa fi wọlé, ó káwọ́ lérí, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ tẹ̀lé e, àwọn ará ilé Ìmáàmù tẹ̀lé wọn, gbogbo wọn ní kí n mú un mọ́ra. Mo bi wọ́n pé ta ló kú, wọ́n tún bú sẹ́kún, wọ́n ní ìbànújẹ́ ikú ọkọ ti dà mí lórí rú. Bàbá rẹ sì ti lọ sóko láti ìdájí, èmi náà kò kúkú mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ mọ́, mo bá wọn sunkún díẹ̀, kí wọ́n má baà sọ pé n kò fẹ́ràn ọkọ mi. Ibẹ̀ la wà tí bàbá rẹ fi gbé iṣu wọlé láti oko, tí wọ́n ní ta ló kú. Eku ò ké bí eku mọ́, ẹyẹ ò ké bí ẹyẹ, ìyá Ṣubúọlá gba ojú wíńdò jáde. Ohun tó dun bàbá rẹ jù ni pé àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ wọn ti jẹ ẹ̀wà wọn tán.

Kí ló dé tí o ń wá ìkíni kiri? Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ta la dárúkọ níbẹ̀? Ọdún dé, o kò kú, ohun tí à ń kí ara wa fún náà nìyẹn. Báńkì mi gan-an mọ èyí. Bó bá di Kérésì wọ́n á kí mi lórí fóònù pẹ̀lú orúkọ mi, bó bá di Iléyá wọ́n á tún kí mi, ó jọ pé ẹ̀sìn méjèèjì ni wọ́n ń ṣe. Mo fèsì pé àmín, ẹ bá mi kí àwọn ará ilé, wọn kò tíì dáhùn. Wọ́n sì bu díẹ̀ nínú owó mi, mo gbà pé wọ́n fi ṣe sàráà ni.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé. Láti Iléyá o kò fẹsẹ̀ tẹ ilé yìí mọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Bàbá Nùrẹ́nì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, gbé ọwọ́ lé ọ lórí, wọ́n ní wàá kọ́lé sí Àjàó Estate, wàá bí ìbejì, gbogbo agboolé ní àmín, ìwọ ní ẹ ṣé, sà, bí ẹni tí wọ́n fún ní ṣéńjì. Wọ́n ní láti ọjọ́ náà ni àdúrà àwọn ti ń fò kiri òrùlé tí kò ríbi bà sí. Wọ́n ní ọmọ tí kò lè ṣe àmín sí àdúrà àgbà, kó jókòó sí Èkó rẹ̀. Ìwọ náà gbọ́, o sì jókòó lóòótọ́.

Àárò rẹ ń sọ mí, Tẹ́júọlá. Mo se ìrẹsì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ti bu tìrẹ sọ́tọ̀ kí n tó rántí pé o kò sí nílé. Ni mo bá gbé adìyẹ kan, mo lọ bá Bàbá Nùrẹ́nì, mo ní bí o bá dé, kí wọ́n kí ọ kú ọdún, kí wọ́n sì panu mọ́. Wọ́n ní àwọn á gbìyànjú, ṣùgbọ́n bí àwọn bá ti rí orí ọmọ àwọn, ẹnu kì í gbọ́ tàwọn mọ́. Mo ní ṣé kí n wá kọ́ ọ kí o máa fi ẹnu lásán ṣe àmín ni? Wọ́n ní rárá, àwọn kò fẹ́ irọ́ lórí àdúrà àwọn. A dúnàá dúrà títí, a wá fẹnu kò. Wọn yóò ṣàdúrà wọn, ìwọ yóò kúnlẹ̀, wàá ní ẹ ṣé, sà, èmi yóò kúnlẹ̀ tì ọ́, n ó ṣe àmín méjì, tèmi àti tìrẹ. Wọ́n ní èmi kúkú ni mo bí ọ, ẹnu mi gbé e. Mo ti ń dánra wò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ rò pé ẹ̀mí ló gbé mi, wọ́n ti fi mí jẹ olórí ẹgbẹ́ aládùúrà.

Nítorí náà, mo nílò owó. Owó ẹ̀wà bàbá rẹ, owó nẹ́ẹ̀tì wíńdò tí ìyá Ṣubúọlá fà ya, owó adìyẹ Bàbá Nùrẹ́nì, àti owó aṣọ funfun olórí aládùúrà, nítorí ìwọ lo fi mí joyè. Má fi sí báńkì o, wọ́n á tún fi ṣe sàráà. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá, ọkọ̀ Ìtòrí wà ní Òṣòdì láti òwúrọ̀.

Ọ̀nà yóò dán fún ọ. O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilé yìí kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú ilé, a óò sì fojú kan ara wa kí ọdún tó parí.

Àmín.

Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Beatrice.